Àwọn Tó Fi Etí Odò Sílẹ̀ fún Odò

Ariwo kì í kọ́lé, asọ̀ kì í bo òrùlé. Ọ̀rọ̀ yìí ló jáde fún Mọrẹ́nikẹ́, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ayálégbé kan nílùú Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀ràn ilé kíkọ́ sú u dé góńgó ẹ̀mí.

Àwọn tí onílé ti fi ojú wọn rí màbo ni wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ra ilẹ̀ létí odò, kí oníkálukú lè ní ilé tí apá rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n ń jà, wọn kò kọ́lé. Bí wọ́n bá mọ ìpìlẹ̀ lónìí, àgbàrá á gbé e lọ lọ́la. Ẹni tí kì í yọjú síṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé alága ló ba nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀, Mọrẹ́nikẹ́ alára àtàwọn ọmọ rẹ̀ há sí yàrá kan ṣoṣo, onílé sì ti ní kí wọ́n kó jáde.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúntókí lọ, àgbà olóòṣà tí ń fi owó ẹyọ wo ọ̀ràn.

“Ìyá, wọ́n ti sú mi. Bí mo bá ní ká lọ sọ́tùn-ún, òsì ni wọ́n ń wò. Ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni?”

Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó títí, ó mí kanlẹ̀.

“Ọmọ mi, ènìyàn kọ́ ló ń bá yín jà. Ọ̀nà odò lẹ jókòó lé. Ẹ fi ẹyẹlé àti oyin bọ ọ́, kí ẹ sì fi gbogbo etí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀.”

Etí odò ló dára jù, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ni wọ́n pín in fún, ibẹ̀ sì ni ti Mọrẹ́nikẹ́ wà.

“Ìyá, ṣé kò sí ẹbọ mìíràn?”

“Èyí tí kò bá dunni, ṣé ẹbọ ni?”

Ó sunkún délé, ó sì rú u. Ó gba ilẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Àwọn aṣáájú yòókù kùn, kùn, kùn, wọ́n tẹ̀ lé e. Akínlabí, akọ̀wé ẹgbẹ́, nìkan ló yarí.

“Alága, ṣé ẹyẹlé ni yóò dí àgbàrá lọ́nà? Ilẹ̀ mi ni mò ń kọ́lé sí.”

“Akọ̀wé, n kò ní bẹ̀ yín mọ́. Ẹnu ti rẹ̀ mí.”

Akínlabí kọ́ tirẹ̀ parí ṣáájú gbogbo wọn. Ó kùn ún lọ́dà, ó ń fi àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí òjò dé, odò kún àkúnya. Omi gba ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ẹnì kankan nínú àwọn tó kúrò níbẹ̀. Ògiri Akínlabí ló wó. Orí tábìlì ni wọ́n ti bá ìyàwó rẹ̀ tó gbé ọmọ dání, tó ń ké. Okùn ni Mọrẹ́nikẹ́ àtàwọn ará ẹgbẹ́ fi fa tọkọtaya náà àti ọmọ wọn jáde, Mọrẹ́nikẹ́ sì kó wọn sínú ilé rẹ̀ tí kò tíì rí òrùlé tán.

Akínlabí jókòó, ó ń gbọ̀n.

“Alága, ẹ̀ bá tún bẹ̀ mí díẹ̀ sí i.”

Mọrẹ́nikẹ́ ju aṣọ gbígbẹ sí i.

Àwọn tó gbọ́ rírú ẹbọ di onílé lórí ilẹ̀ wọn, ọmọ wọn kò gbọ́ “ẹ kó jáde” mọ́. Ẹni tó pe ẹbọ ní yẹ̀yẹ́ padà lọ háyà yàrá, àbámọ̀ ló ń bá a gbé ibẹ̀.