Tọkọtaya Tó Ń Kọrin Kérésì Wúyẹ́wúyẹ́

Ọkùnrin onígbàgbọ́ kan wà tó ń gbé pẹ̀lú aya rẹ̀ nílẹ̀ Japan. Kí wọ́n tó rí yàrá tí wọ́n ń gbé, ojú wọn rí màbo, nítorí onílé púpọ̀ ni kò fẹ́ gba àlejò. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà á kí wọ́n má baà lé wọn jáde.

Ògiri ilé náà fẹ́lẹ́. Bàbá arúgbó kan ló ń dá gbé ní yàrá kejì. Bí ọkùnrin yìí bá kí i títí, tó béèrè ara, tó béèrè ilé, bàbá náà á kàn tẹrí ba, á sì wọlé. O sáà mọ àwa Yorùbá: ẹni tí kò bá ti kí wa dáadáa, a ti sọ ọ́ di ọ̀tá. Ó wí fún aya rẹ̀ pé, "Bàbá yìí ò fẹ́ràn wa rárá. Ẹjọ́ wa ló fẹ́ lọ rò fónílé."

Nítorí náà, bí Kérésì bá dé, tó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á tilẹ̀kùn pa, wọ́n á máa kọrin ìbí Jésù wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé ṣe ni wọ́n jí orin náà. Ìrẹsì tí wọn ì bá bù fún aládùúgbò, àwọn nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́dún kan, níbi tí ìyàwó ti ń din adìyẹ, òórùn ata gbé ọkàn rẹ̀ lọ sílé, kò sì mọ ìgbà tó gbóhùn sókè. Bó ṣe dé ègbè orin ni wọ́n gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lára ilẹ̀kùn.

"Mo gbé!" ni ọkọ wí. Ó pa sítóòfù, ó lọ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá náà ló dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kéèkì kékeré kan dání, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rà jẹ lọ́jọ́ Kérésì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dákẹ́," ló wí. "Ọdọọdún ni mò ń gbọ́ orin yẹn nílé ìtajà. N kò mọ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ta ni?"

Ara ọkùnrin náà wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó ti ń bu ìrẹsì. Wọ́n jókòó ti bàbá, wọ́n sì sọ fún un.

Arákùnrin mi, ìwọ tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú àjèjì, tí o ní o kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni ọ́ nítorí pé wọn kì í rẹ́rìn-ín sí ọ, ta ló sọ fún ọ pé wọ́n kórìíra rẹ? Ẹni tó mọ Jésù ló tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló wá kan ilẹ̀kùn. Kérésì ti dé tán. Bu ìrẹsì, kí o sì lọ kan tiwọn.