Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Àkàngbé

Àkàngbé kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ti dùbúlẹ̀ àìsàn ni kò ti lè fi í sílẹ̀ lọ sóko ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí obìnrin náà fi máa jáde láyé, oko ti di igbó, agbára ọkùnrin náà sì ti tán. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù tí yóò fi bọ́ ọmọ méjì. Ilẹ̀ náà ti ṣá, ibẹ̀ sì ni àwọn aládùúgbò ń yàgbẹ́ sí.

Àkàngbé kò bá wọn jà. Ó gbẹ́ kòtò síbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń yàgbẹ́ sí, ó ń fi ọkọ́ kó ìgbẹ́ wọn àti ti ewúrẹ́ sínú rẹ̀, ó ń da eérú àti ewé gbígbẹ bò ó. Láràárọ̀ ni Láníyọnu, aládùúgbò rẹ̀, máa ń so ṣòkòtò tán, tí á bú sẹ́rìn-ín.

“Àkàngbé, o kú iṣẹ́ o! Mo ti fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Rọra kó o, ó ṣì ń gbóná!”

“A dúpẹ́,” ni Àkàngbé máa ń wí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jẹrà di ilẹ̀ dúdú, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí i. Ọdún tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà so ni òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Iṣu gbogbo abúlé ṣe bí ìka ọwọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú di omi mú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àkàngbé so títí ó fi ń fẹ́ wó.

Láníyọnu bá gba ilé Baálẹ̀ lọ, ó ní ilẹ̀ gbogbo àdúgbò ni, kí wọ́n pín in. Baálẹ̀ kó àwọn àgbà wá sí ẹ̀yìnkùlé. Àkàngbé ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pín in, kí ni àwọn ọmọ Àwẹ̀ró yóò jẹ?

“Baálẹ̀, ẹ wò ó,” ni Láníyọnu wí, “ilẹ̀ yìí ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i.”

“Ìwọ ńkọ́? O ò da nǹkan kan síbẹ̀ rí?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Èmi kẹ̀! Kí ni mo wá ṣe níbí?”

Kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ọjọ́ ti pẹ́, ó ti gbàgbé pátápátá ni.

Àkàngbé rìn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ata wẹ́wẹ́ hù yí ká. “Láníyọnu, ibí ni tìrẹ. Èmi kọ́ ni mo gbin ata yìí, inú rẹ ló ti wá. Ti ìyàwó rẹ nìyí. Ti àwọn ọmọ rẹ ló wà lọ́hùn-ún yẹn.”

Ẹ̀rín pa àwọn àgbà. Láníyọnu wo ata náà, ó sorí kọ́.

“Ẹni tó kó o ló ni ín,” ni Baálẹ̀ wí.

Àkàngbé bẹ́ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó gbé e lé Láníyọnu lọ́wọ́. “Gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Ọwọ́ ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà pé: ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.