Ọkùnrin tó dáhùn kí wọ́n tó bi í

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kì í ṣe tiwa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Kò sí òkú Mùsùlùmí tí wọ́n sin ládùúgbò rẹ̀ tí ọkùnrin yìí kì í dúró níbi orí sàréè rẹ̀ láti kọ́ ọ ní ìdáhùn ìbéèrè inú sàréè. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi orúkọ ìyá òkú pè é, á ní, "Ìwọ ọmọ lágbájá, àwọn mọ̀láíkà méjì ń bọ̀ wá bá ọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni Olúwa rẹ, sọ pé Ọlọ́hun ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ni ẹ̀sìn rẹ, sọ pé Ìsìláàmù ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni Ànábì rẹ, sọ pé Muhammadu ni. Má bẹ̀rù." Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹni tí bàbá yìí bá kọ́ kò lè ṣìnà. Òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé bí ọjọ́ tòun bá dé, ìdáhùn ti wà lẹ́nu òun.

Ó ní àbúrò kan tó ti kú, tó fi opó àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Oko òun àti ti àbúrò náà pààlà, pèrègún ni àwọn baba wọn sì gbìn sójú ààlà. Kí ilẹ̀ sàréè àbúrò rẹ̀ tó gbẹ, ọkùnrin yìí ti hú pèrègún náà, ó tún un gbìn sí apá ọ̀hún, gbogbo igi obì àbúrò rẹ̀ sì bọ́ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Pèrègún kì í pẹ́ mú ilẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó ti ṣípò. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ká obì, ọkùnrin yìí á gbé apẹ̀rẹ̀ kan fún opó náà, á ní sàárà ni. Obìnrin náà á kúnlẹ̀, á máa ṣàdúrà fún un lórí obì ara rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, ibà tó ti ń ṣe é gbé e ṣubú. Wọ́n fetí lé àyà rẹ̀, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ara rẹ̀ tutù. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tètè wẹ̀ ẹ́ kí àwọn tó bá wá kírun Jímọ̀ lè kírun sí i lára. Àwọn kan ti lọ gbẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó máa ń wẹ òkú ládùúgbò, àgbàlagbà kan àti ẹnìkejì rẹ̀, fi aṣọ funfun yí ẹ̀yìnkùlé ká. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n fi aṣọ bo imú àti ẹnu ara wọn, wọ́n sì da omi sí i lápá ọ̀tún.

Ó lajú.

Aṣọ funfun ló rí níwájú, aṣọ funfun lẹ́yìn. Òórùn káfúrà tí wọ́n fi ń wẹ òkú gba imú rẹ̀. Àwọn méjì dúró lé e lórí, ojú wọn nìkan ló rí. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti sin òun àbí wọn ò tíì sin òun. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé, àwọn nìyí. Ó ń retí ìbéèrè. Àwọn yẹn ò sì lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ti gba ohùn lẹ́nu wọn. Ó wá ìdáhùn tó ti kọ́ ìdajì ìlú, kò rí i. Ó ń wá orúkọ Ànábì, orúkọ igi ló ń bọ̀. Ló bá figbe ta.

"Èmi ni mo hú pèrègún! Ilẹ̀ àwọn ọmọ àbúrò mi ni! Obì wọn ni mo ń kó!"

Ẹnikẹ́ni ò sì tíì bi í ní nǹkan kan.

Àgbà awẹ̀kú ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Baba, ẹ rọra. Èmi ni. Ẹ ò tíì kú."

Àwọn ará ilé gbọ́ igbe, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ohun tó sọ. Ilé dàrú. Àwọn kan ń sá, àwọn kan ń dì mọ́ra wọn. Ẹni tó wá kí wọn kú ara fẹ́ra kù ò mọ̀ bóyá kóun yí i sí ẹ kú ewu. Àwọn tó lọ gbẹ́lẹ̀ dé, wọ́n ní kí ni káwọn fi ihò náà ṣe. Ẹnìkan ní kí wọ́n sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ẹlòmíràn ní níbo ló ti rí ìyẹn nínú ẹ̀sìn. Wọ́n ń jiyàn ihò títí Jímọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá.

Nígbà tí ara bàbá náà balẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àgbà awẹ̀kú. Ó ní, "Kí lo gbọ́ lẹ́nu mi?"

Àgbà náà ní, "Baba, àléébù tí a bá rí lára òkú, bíbò là ń bò ó. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò kú. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bo tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe fúnra yín."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Ó wá lọ bá lemọ́mù wọn. Ó ní bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ lójú oorun, ṣé wọ́n máa kọ ọ́ sí i lọ́rùn? Lemọ́mù tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tó ń sùn títí yóò fi jí. Bàbá yìí padà sílé tayọ̀tayọ̀. Ó gbàgbé pé kì í ṣe ojú oorun lòun ti gbin pèrègún.

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Opó yẹn gbé ògì gbígbóná wá kí i. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí àwọn ọmọ mi ń pè ní bàbá. Nígbà tí wọ́n ní ẹ ti lọ, mo bẹ Ọlọ́hun títí." Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Ó ní, "Tí òjò bá dá, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ."

Òjò dá. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Kò lọ sí ìdí sàréè kankan mọ́. Bí wọ́n bá pè é, á ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun. Nígbà mìíràn á lọ sóko, á di pèrègún náà mú, kò sì ní mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ ló dé bá òun lórí pákó ọjọ́sí àbí àlá. Á jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sílé.

Ó wá kú lóòótọ́. Àwọn méjì yẹn náà ló tún tẹ́ ẹ sórí pákó. Wọ́n da omi sí i lápá ọ̀tún. Àgbà náà dá ọwọ́ dúró, ẹnìkejì rẹ̀ náà dúró. Wọ́n wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n dúró títí omi ọwọ́ wọn fi tutù. Kò sọ nǹkan kan.

Kí wọ́n tó kírun sí i lára, wọ́n kéde gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, pé ẹni tí olóògbé bá jẹ ní ohunkóhun kó jáde. Opó yẹn ló dáhùn láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, "Kò jẹ mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọdọọdún ló ń fún mi lóbì."

Ọ̀dọ̀ mi ni àgbà awẹ̀kú sá wá lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ro ohun tó gbọ́ nídìí pákó lọ́jọ́sí fún mi, ó sì bi mí ní ohun tí ẹ̀sìn wí. Mo sọ fún un pé ìtìjú òkú là ń bò, a kì í bo ohun ìní ọmọ òrukàn. Ó lọ sọ fún obìnrin náà, àwọn ọmọ sì dá pèrègún padà sójú ààlà rẹ̀.

Ilẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ta ló dá a padà? Kì í ṣe ẹni tó gbà á. Ṣé ìdáríjì tí obìnrin yẹn fi àìmọ̀ ṣe máa gba ọkùnrin náà sílẹ̀? Mo ti rò ó títí, kò yé mi. Ọlọ́hun ló mọ̀. Ohun tí Ànábì sọ ni pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, wọn yóò gbé e kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin náà wá bá mi lánàá pé kí n kọ́ yín ní ìdáhùn inú sàréè, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Mo máa kọ́ yín. Kò le, ọmọ kékeré lè mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó padà wá, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ààlà yín. Bí ẹ bá rí pèrègún tó ti ṣípò, ẹ lọ sọ fún ẹni tó ni ilẹ̀, nísinsìnyí tí ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Àgbà awẹ̀kú yẹn ò tíì gbé omi kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dúró tì yín, kó máa wo ẹnu yín.