Ògiri Pàràkòyí Ṣówándé

Ẹṣin méje péré ló wà ní ìlú Òkè-Àgbàrá. Olówó méje ló ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèje tó mọ ẹṣin í gùn. Ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, wọn a gun ẹṣin gba àárín ọjà kọjá kí ayé lè rí wọn, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn a sì máa fò sápá kan bí tata. Ṣówándé ni Pàràkòyí ìlú, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà. Òun náà máa ń rí wọn, á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ, títí di ọjọ́ tí ẹṣin Kújọrẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olówó náà, tẹ ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣówándé bí pa lẹ́bàá igbá ẹ̀gúsí kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kújọrẹ̀ ní ẹṣin òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹṣin náà kò sọ nǹkan kan.

Oṣù kan gbáko ni Ṣówándé fi ń fẹsẹ̀ wọn ojú ọ̀nà ọjà. Nígbà tó máa lanu, òfin ló fi là á. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, ó ní, "Kábíyèsí, ọjà yìí kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Ẹ fún mi láṣẹ." Ọba fún un.

Òfin rẹ̀ dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹṣin kò gbọ́dọ̀ wọjà mọ́. Ojú ọ̀nà láàárín ìsọ̀ sí ìsọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí obìnrin méjì tó ru ẹrù pàdé, kí wọ́n kọjá, kí ẹnì kankan má yí ọrùn. Ìsọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ́ ọjà kọjá ibi tí òjìji òrùlé rẹ̀ bá dé lọ́sàn-án gangan. Ṣówándé fúnra rẹ̀ a gbé igbá omi ru obìnrin méjì, a ní kí wọ́n rìn pàdé ara wọn. Níbi tí omi bá ti ta sílẹ̀, ìsọ̀ ibẹ̀ á sún sẹ́yìn. Ó kó aláṣọ jọ sọ́dọ̀ aláṣọ, oníkòkò sọ́dọ̀ oníkòkò. Epo tó lè ta sí aṣọ afẹsẹ̀rìn, èéfín alákàrà tó lè ta á lójú, ó kó méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà, kí àárín ọjà lè mọ́ tónítóní.

Ẹnu ọ̀nà wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà mẹ́fà ló wọ ọjà náà tẹ́lẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin sì ń yọ́ gba èyí tí kò bá ní ẹ̀ṣọ́. Ṣówándé bá mọ ògiri yí ọjà ká. Ó dí márùn-ún pa. Èyí tó kù, ó fi ìtì igi dábùú ilẹ̀ rẹ̀, ó tún fi òmíràn dábùú òkè. Èèyàn á sọ ẹrù kalẹ̀, á gbé ẹsẹ̀, á tẹrí ba, á wọlé. Ẹṣin kò lè ṣe é.

Ìyá Odùṣọlá, olórí àwọn elépo, tó ti pọn Ṣówándé rí nígbà tó wà lọ́mọdé, wá bá a níbi tó ti ń wo àwọn tó ń po amọ̀.

"Pàràkòyí, o kú iṣẹ́ o. Ògiri yìí mà ga. Ṣé ogun ń bọ̀ ni?"

"Ẹṣin ni, Ìyá."

"Nítorí ẹṣin méje lo ṣe ń mọ odi? Ó dáa. Bá mi dá ilẹ̀kùn kan sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn olówùú. Kékeré ni mo ní o."

"Kékeré yẹn ni Kújọrẹ̀ yóò kọ́kọ́ ki orí ẹṣin rẹ̀ bọ̀. Ìyá, ẹnu mélòó lẹ fi ń jẹun?"

"Ẹnu kan."

"Ṣé ebi ń pa yín?"

Àwọn tó ń po amọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà kò bá wọn rín in. "Ẹnu kan ni mo fi ń jẹun, Ṣówándé. Ihò imú méjì ni mo fi ń mí."

"Ẹ máa lọ tọ́jú epo yín, Ìyá."

Efúnyẹmí ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú ní ìpẹ̀kun ọjà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń bu omi ìbọ́jú fún ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ Ìyá Odùṣọlá kò yẹ ní gbígbọ́ ni?"

"Ìwọ náà?"

"N ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ń bi yín ni."

"Nítorí ọmọ rẹ ni mo ṣe ń ṣe é."

Efúnyẹmí gbé igbá omi rẹ̀, ó wọlé.

Fún ọdún méjì, ọjà Òkè-Àgbàrá dùn. Ọmọdé ń ta òkòtó láàárín ọ̀nà. Arúgbó ń rìn láìwẹ̀yìn. Àwọn ará ìlú mìíràn ń wá wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ bú Ṣówándé nígbà náà, inú ilé rẹ̀ ló ti ń bú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀ta iná láti ìdí ààrò alákàrà, ó jù ú sí orí koríko ìsọ̀ elépo. Epo gbiná. Iná bo ẹnu ọ̀nà. Ṣówándé, tó wà lóde ògiri, rí àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìtì igi. Ìyá Odùṣọlá ni ẹnì kẹta, awọ ti bó lápá rẹ̀. Ẹnì kẹrìnlá kọsẹ̀. Ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún ṣubú lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó jáde mọ́.

Ó sáré yí ògiri po dé ẹ̀yìn, ó pariwo, "Efúnyẹmí!"

Ohùn rẹ̀ wá láti inú. "Mo wà níbí! A pọ̀ níbí! Níbo ni ká gbà?"

Ọkùnrin tó mọ gbogbo ẹsẹ̀ bàtà ọjà náà ń fi ọwọ́ lu ògiri kiri. "Ẹ dúró," ló ní. "Ẹ dúró."

Wọ́n kó ọkọ́ dé. Ògiri náà dára. Amọ̀ rẹ̀ kúnná, ó ti gbẹ fún ọdún méjì, ńṣe ni ọkọ́ ń ta padà lára rẹ̀. Ìyá Odùṣọlá wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀, ó na apá tó bó sí ìsàlẹ̀ ògiri. "Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́, ibi tí àgbàrá ti ń jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ló rọ̀."

Efúnyẹmí tún béèrè ibi tí wọn yóò gbà. Obìnrin mìíràn béèrè. Ìwúkọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó béèrè mọ́. Nígbà tí ihò máa fẹ̀ tó ẹnu odó, èéfín ló kọ́kọ́ jáde. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n fà jáde láàyè. Efúnyẹmí kò sí nínú wọn. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n sin.

Nígbà tí ọba pe ìlú jọ, Kújọrẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ ti rí i báyìí? Òfin afẹsẹ̀rìn ló pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹṣin máa wọjà bíi ti àtijọ́."

"Irọ́ ni," Ṣówándé dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Òfin yẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo pa wọ́n. Kábíyèsí, kí ẹṣin má wọ̀ ọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣí ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí n sì la ìkeje lọ́dọ̀ àwọn olówùú. Òpó ni a ó rì sí ẹnu wọn. Ẹṣin kò ní gbà á, èèyàn á sì lè sá gbà á."

Ọba gbà. Ṣówándé bọ́ oyè sílẹ̀, ó la ọ̀nà méjèèje pẹ̀lú ọkọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìmọ̀ràn rere wá pé kí wọ́n dí ọ̀nà kan pa, kì í bá onítọ̀hún jiyàn, gbólóhùn kan náà ni á sọ. Ó kú tán, gbólóhùn náà kò bá a kú. Àwọn àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ dòwe, òun náà la sì ń fi kìlọ̀ fún ara wa títí dòní pé: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.