Láwuyì Afọ̀nàhàn àti Ewé Tó Dábùú Ọ̀nà

Ní abúlé Ìdí-Ọ̀sẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láwuyì, ṣùgbọ́n Afọ̀nàhàn ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló ń ṣáájú àwọn obìnrin abúlé náà lọ sí ọjà Ìjàwàyà ní ọrọọrún. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń gbéra, ó sì máa ń tó ìyálẹ̀ta kí wọ́n tó dé ọjà. Inú igbó ni wọ́n ń gbà, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbà, afárá onígi kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń sọdá odò Atórí. Ogún ọdún gbáko ni Láwuyì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó yẹ kí inú èèyàn dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò sọ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti di ìgbéraga. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì wí níwájú rẹ̀ pé òun bèèrè ọ̀nà kí òun tó dé ibì kan, Láwuyì á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Kí lo wá ń fi ojú ẹ ṣe?"

Ọmọ méje ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un, ọ̀kan ṣoṣo ló dúró, ìyẹn Ìbídùn. Inú abúlé náà ni Ìbídùn ti lọ́kọ, Ládépò ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ọdún kẹfà tó wọlé ọkọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni ò ní máa ṣọ́ irú oyún bẹ́ẹ̀ bí ẹyin?

Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé, ìdájí ni Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Àwọn àgbà obìnrin fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé orí ọmọ wà lókè, ẹsẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n wo ojú ara wọn. Agbẹ̀bí abúlé ti kú lọ́dún tó kọjá, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí ìgè. Ìyá Ìbídùn jáde sí ìta, ó ń nu òógùn ojú rẹ̀.

Ó ní, "Baba Ìbídùn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sáré lọ pe Ìyá Abíyè agbẹ̀bí wá ní Ìjàwàyà. Kó dé kí oòrùn tó kan àtàrí o. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ò mọ ohun tí ojú wa máa rí."

Ládépò ti di ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ra, ó ti ń lọ. Láwuyì fà á padà.

"Ìwọ tí o máa dúró bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo olóko? Lọ jókòó ti ìyàwó ẹ. Ta ló mọ ọ̀nà Ìjàwàyà jù mí lọ?"

Ládépò kò lè bá àna rẹ̀ jiyàn. Ó jókòó.

Ká má purọ́, Láwuyì sáré lọ́jọ́ náà. Oòrùn ò tíì gbóná tó fi kan ilẹ̀kùn Ìyá Abíyè. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Ìyá Abíyè, ẹnu rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí Láwuyì parí ọ̀rọ̀. Ó ju òrí àti ọṣẹ sínú àpò rẹ̀, ó gbá ọ̀já mọ́dìí, ó ní, "Ó yá, bọ́ síwájú. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ bọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń tò lẹ́yìn."

Wọ́n rìn dáadáa títí wọ́n fi dé etí odò Atórí. Yéè! Òjò tó rọ̀ lókè odò lóru ti dé ìsàlẹ̀. Odò ti kún dé bèbè, omi pọ́n, ó ń hó, afárá onígi ti bá a lọ.

"Àárọ̀ yìí náà ni mo gorí ẹ̀ kọjá!" Láwuyì fọwọ́ lérí.

"Ọ̀nà mìíràn ńkọ́?"

"Ó wà." Láwuyì rántí ọ̀nà àwọn ọdẹ kan lápá òkè odò, níbi tí àpáta ti pọ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tò ó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba ibẹ̀ rí, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Kò sọ ìyẹn fún Ìyá Abíyè.

Wọ́n fọwọ́ so ọwọ́, wọ́n sì sọdá lórí àpáta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ sí òdì kejì, ibẹ̀ kò jọ èyí tí Láwuyì mọ̀ mọ́. Igbó tó mọ̀ ti di oko. Oko ẹ̀gẹ́ rèé, oko iṣu rèé, ọ̀nà tín-ín-rín kan á wọ inú òmíràn, òmíràn á tún yà. Ó yan èyí tó fẹ̀ jù, ó ń yára lọ kí ìyá má baà rí ojú rẹ̀. Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí.

Kò pẹ́ tí wọ́n rí èéfín. Ẹbu ni, níbi tí àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń fọ epo. Ọ̀kan nínú wọn da Láwuyì mọ̀ láti ọjà, ó sì kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Baba Afọ̀nàhàn! Kí lẹ̀ ń wá lápá ọ̀dọ̀ tiwa? Ṣé kò sí o?"

Ìyá Abíyè la ẹnu. Láwuyì tètè gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní, "Kò sí nǹkan kan. À ń lọ sílé ni."

Obìnrin náà dúró, ó wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò júwe ọ̀nà fún Afọ̀nàhàn? Ó padà sídìí epo rẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ẹnu Láwuyì kò dì, ahọ́n rẹ̀ kò gé. Ojú ló tì í.

Wọn ò rìn jìnnà sí ẹbu tí wọ́n fi kan oríta. Ewé tútù wà nílẹ̀, wọ́n fi dábùú ọ̀nà ọ̀tún, wọ́n sì gbé òkúta lé e. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ àṣà yìí mọ́. Láyé ọjọ́un, bí èrò bá ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn tó wà níwájú a máa já ewé sí ẹnu ọ̀nà tí wọn kò gbà, kí àwọn ará ẹ̀yìn lè mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Láwuyì fúnra rẹ̀ ti já irú ewé bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ ẹ̀ rí i, Ìyá? Àwọn ará wa ti kọjá níbí. Òsì ni."

"Àwọn ará yín wo?" Ìyá Abíyè bojú wẹ̀yìn. "Láwuyì, jẹ́ ká bi àwọn ọmọ yẹn."

"Ìyá, ogún ọdún ni mo ti ń ka ewé oríta."

Wọ́n yà sósì. Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Ọ̀nà ń tín-ín-rín sí i, ilẹ̀ ń rọ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Oòrùn kan àtàrí, ó sì kọjá rẹ̀. Láwuyì ń gbọ́ mímí ìyá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rí Ìbídùn lójú ọkàn rẹ̀ lórí ẹní, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kọ́rọ́ tó wà níwájú yìí, ibẹ̀ ni." Wọ́n yí kọ́rọ́ náà, kì í ṣe ibẹ̀. Ó tún mú kọ́rọ́ mìíràn. Ìgbà tí wọ́n já sí àbàtà tó lọ súà, tí ẹrẹ̀ mu wọ́n dé orúnkún, ni Ìyá Abíyè dúró.

"Láwuyì, wò mí lójú. Ṣé o mọ ibi tí a wà?"

Láwuyì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ti mọ̀," ni ìyá wí. Ó ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó yíjú padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, arúgbó tó ti ju àádọ́rin ọdún lọ. Láwuyì ń wọ́ tẹ̀ lé e.

Láti ọ̀ọ́kán ni Ìyá Abíyè ti ń ké sí àwọn obìnrin ẹbu. "Ẹ gbà mí o! Níbo ni Ìdí-Ọ̀sẹ̀? Obìnrin kan ń rọbí níbẹ̀!"

Èyí tó kí Láwuyì lẹ́ẹ̀kan sọ ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ha! Ọ̀nà tí ewé wà ni! Àwa la já ewé yẹn, kí àwọn tó ń gbé ẹyìn bọ̀ wá fún wa láti oko ọ̀nà òsì má baà gbabẹ̀ lọ sí Ìdí-Ọ̀sẹ̀. Ká ní ẹ gbabẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ bá ti délé tipẹ́. Kò jìnnà rárá." Ó yíjú sí Láwuyì. "Baba, kí ló dé tí ẹ ò bi wá?"

Adìyẹ ti ń wọlé nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Ọ̀sẹ̀. Ládépò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè. Ìyá Abíyè kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Láwuyì dúró níta, ó di òpó ilé mú. Ó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ tuntun ké.

Láwuyì gbọ́wọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan náà kò mira.

"Ìbejì ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kéhìndé lẹ gbọ́ tó ń ké yẹn. Táíwò ti fẹsẹ̀ jáde lọ́sàn-án, orí rẹ̀ há, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí a máa ṣe. Baba Ìbídùn, níbo lẹ wà?"

Ìyá Abíyè kò bú u. Nígbà tó fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó kàn wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ká ní a dé lọ́sàn-án ni, méjèèjì ni ì bá ké." Ó gbé àpò rẹ̀, ó wá ibi sùn.

Láwuyì kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún afárá ṣe, ó tún ń ṣáájú àwọn obìnrin lọ sí Ìjàwàyà ní ọrọọrún. Ṣùgbọ́n kò sí oríta kan tí kò ní dúró sí. Bí ó bá rí àgbẹ̀, á bi í. Bí ó bá rí ọmọ tó ń ṣọ́ ẹyẹ lóko, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní, "Jọ̀wọ́, ọ̀nà Ìjàwàyà ńkọ́?" Ó sú àwọn obìnrin náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kígbe mọ́ ọn.

"Baba, ọ̀nà tí ẹ ti ń rìn láti bí ogún ọdún! Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Láwuyì dáhùn. "Lọ́jọ́ yẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

Láti ẹnu àwọn obìnrin ọjà wọ̀nyẹn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó sì tàn dé ọ̀dọ̀ tiwa, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: abèèrè kì í ṣìnà.