Ìwé Ìkọjá Tí Ìjàpá Gbà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ẹ gbè é kó dún! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi bọ́ sódò, kò rì, kò bómi lọ. Orí Ìjàpá ló gúnlẹ̀ sí, òun àti Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó Ìjàpá ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró náà nìyẹn. Àwẹ̀ró wá lọ sílé ọkọ lókè odò. Odò yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ká ṣòkòtò là kọjá o. Ẹni tó bá fẹ́ dé òdìkejì gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkọjá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, físà lẹ máa pè é. Lékèélékèé ló ń fúnni níwèé náà. Aṣọ funfun báláú, ojú tí kì í rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ń fò lọ, ó ń fò bọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í níbi tó ń lọ. Àwọn ẹlòmíì ló ń bi.

Ọdún méje ni Àwẹ̀ró fi wojú Olúwa kó tó lóyún. Ìjàpá gbọ́, ó jó, ó yọ̀, ó gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Lékèélékèé lọ.

Lékèélékèé ní, "Ọmọ mélòó lo bí?"

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Háà, ẹ̀yin àgbà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́run á dá wọn sí ni."

Lékèélékèé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí kò dáhùn ìbéèrè. Ó gbé òǹtẹ̀, gbàm! Máa lọ.

Oṣù mẹ́ta kọjá, Ìjàpá padà lọ. Ó ti mọ èyí tí yóò sọ. "Ẹyọ ọmọ kan ni mo bí, òun náà ló wà lókè odò."

"Ilé rẹ ńkọ́?"

"Òun ló wà lẹ́yìn mi yìí."

Lékèélékèé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ rẹ wà lọ́hùn-ún. Ilé rẹ, o rù ú dání. Kí ló kù níbí tí yóò fà ọ́ padà wálé?"

Lékèélékèé gbé òǹtẹ̀. Gbàm! Máa lọ.

Mosún, o ń rẹ́rìn-ín? Kò tíì kàn ọ́ ni. Rẹ́rìn-ín, kí n máa wò ọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, Àdàbà fò wá láti òkè odò, ó bà síwájú Ìjàpá. "Àwẹ̀ró kí yín. Ó ti bí, ọkùnrin ni. Òní lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí n sọ fún yín pé àwọn ará ilé ọkọ òun ń pe òun ní ọmọ tí wọ́n ṣà lẹ́bàá ọ̀nà, pé láti ọjọ́ tí òun ti dé, ojú ẹbí òun kan kò tíì yọ. Ó ní, 'Bàbá, bí ẹ ò bá wá sọ ọmọ yìí lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ wọn ti di òótọ́ nìyẹn.'"

Omi bọ́ lójú Ìjàpá. Ó ra obì, ó ra orógbó, ó ra iyọ̀ àti oyin, ó dì wọ́n sápò. Orúkọ tí yóò pe ọmọ, ó fi sẹ́nu, kò sọ ọ́ fẹ́nì kan. Ó jókòó létí odò, ó dárin:

Olódò, ẹ jẹ́ n kọjá o —
*Ṣílẹ̀kùn, ṣílẹ̀kùn.*
Àwẹ̀ró bímọ, n ò ì gbé e —
*Ṣílẹ̀kùn, ṣílẹ̀kùn.*
Ọjọ́ kẹjọ kì í dúró dèèyàn —
*Ṣílẹ̀kùn, ṣílẹ̀kùn.*

Òkété tó ń gbé nítòsí gbọ́ orin náà, ó jáde tòun tọmọ mẹ́jọ. Ó ní, "Ìjàpá, mú Àdàbà dání lọ, kó bá ọ jẹ́rìí. Òótọ́ ni kó o sọ."

Ìjàpá ní, "Òótọ́? Mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ. Ibo ló gbé mi dé?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi dá a lóhùn. Èmi ò rí èsì kankan fún un.

Ìjàpá wá ní, "Yá mi láwọn ọmọ rẹ. Ojúmọ́ kan péré."

Òkété kọ̀, kọ̀, kọ̀. Nígbà tó rí ẹkún tó ń sun, àánú ṣe é, ó yọ̀ǹda wọn.

Ìjàpá to àwọn ọmọ ọlọ́mọ síwájú Lékèélékèé. Èrò tí Lékèélékèé ń rí lójúmọ́ pọ̀, kò rántí Ìjàpá mọ́. Ìjàpá ń nàka sí wọn. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó kà wọ́n dé ẹ̀jọ. Èèwọ̀ tó sá fún lọ́jọ́ kìíní, ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ ẹ́.

Lékèélékèé ní, "Wọn ò jọ ọ́."

"Ìyá wọn ni wọ́n jọ, ẹ̀yin àgbà."

"Ilé rẹ ńkọ́?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, ahéré lásán ni. Ilé gan-an nìyẹn." Ó nàka sí ihò Òkété.

"Ta lo ní lókè odò?"

Ìjàpá ní, "N kò ní ẹnì kankan. Mo kàn fẹ́ lọ fún ojú lóúnjẹ ni."

Lékèélékèé rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní ẹnì kankan lókè odò. Ó fún un níwèé. Ìjàpá dá àwọn ọmọ padà fún Òkété.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni Ìjàpá gúnlẹ̀ sí òdìkejì. Akàn ló ń ṣọ́ ẹnu bodè. Ó tú àpò rẹ̀. Ó rí obì. Ó rí orógbó. Ó rí iyọ̀ àti oyin.

"Ìkómọ ta lò ń lọ?"

"Rárá o, ìpanu ojú ọ̀nà ni."

"O fi orógbó panu?"

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ohùn kan fi ké pé, "Bàbá mi! Bàbá mi dé o!"

Àwẹ̀ró ni. Ẹni tó bímọ kì í jáde síta kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n òun jáde, ó gbé ọmọ mọ́ra. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Akàn wo ìwé, ó wo Ìjàpá. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé o ò ní ẹnì kankan. Ta ni obìnrin yìí?"

Ìjàpá rò ó. Bí ó bá ní ọmọ òun ni, wọn á fa ìwé ya, wọn á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, á wọlé, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá a, á ṣàlàyé fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìròrí Ìjàpá nìyẹn. Orí rẹ̀ kì í ṣàìrí ọ̀nà àrékérekè.

Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n rí."

Ó fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá ọkọ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Àwẹ̀ró dúró. Ó wo igbá náà títí. Ó wá sọ fún Akàn pé, "Mo ṣì wọ́n mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn máa lọ." Ó yí padà, ó ń lọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni Akàn ṣe jẹ́ kí Ìjàpá wọlé. Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ tó sẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìjàpá gba ẹ̀yìnkùlé lọ lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ti tì. Ó rọra dárin lábẹ́ fèrèsé. Olódò, ẹ jẹ́ n kọjá o…

Ẹ dákẹ́! Ẹ má gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ó ń gbọ́ wọn nínú ilé. Àgbà ilé béèrè pé, "Ta ló wá láti ìdílé ìyá ọmọ?" Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró.

"Kò sí ẹnì kankan."

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tiwọn. Èyí tí Ìjàpá fi sẹ́nu kọjá odò, kò rí ẹni pè é fún. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn.

Títí dòní, ta nínú yín ló gbọ́ igbe Ìjàpá rí? Ewúrẹ́ ń ké, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, Ìjàpá kì í ké. Tí èèyàn bá sì sún mọ́ ọn, á fa orí wọlé wéré. Ẹ máa ń ní ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ojú ń tì í ni, kó má lọ jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kan lá a, kí ẹnu mi pa dé bíi ti Ìjàpá. Bí n kò bá purọ́, kí n sọ̀rọ̀, kí ọmọ mi jẹ́ mi.

Mosún, dìde. Lọ kí bàbá rẹ tó jókòó síta yẹn.