Ìjókòó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mọ́ríìsì

Láṣùpọ̀ ará Ìkìrun gbé ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ Mọ́ríìsì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ fi awọ tuntun bò ó. Ó mú ọ̀bẹ láti ya awọ àtijọ́ dànù, ṣùgbọ́n Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Ìyíọlá, ẹ má ya á. Òun la máa fi wọn awọ tuntun. Bí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀."

Ó jókòó tì í, ó ń fi abẹ tú òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ abẹ́ awọ náà, ọwọ́ rẹ̀ kan ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn ìyá ọkọ rẹ̀ ni!

Ọdún kẹsàn-án rèé tí iyùn náà ti sọnù, lọ́jọ́ tí Mopélọ́lá fi ọkọ̀ yẹn sin ìyá lọ sí ọsibítù. Láti ìgbà náà ni Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n Láṣùpọ̀ obìnrin, ti ń sọ pé ìyàwó ló jí i. Omijé bọ́ lójú Mopélọ́lá. Láṣùpọ̀ ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kíá.

Wúràọlá dé, ó gba iyùn, ó wò ó títí.

"Ìyàwó wa, mo ṣẹ̀ ọ́. Dákun, forí jì mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tán," ni Mopélọ́lá wí, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́.

Wúràọlá jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun mu. Fún gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kò fẹnu kan omi rí nínú ilé náà.